Irinṣẹ́ Ti Dé: Ó Kù Kí A Kọ́ Bí A Ti Ń Lò Ó

Ọ̀rọ̀ tí Akọ̀wé Ìpolongo bá àwọn ọmọ ẹgbẹ́ sọ níbi ìpàdé gbogbogbòò

 

Ohun tí a ti ń sọ láti ọjọ́ pípẹ́ ti di òtítọ́. Àwọn irinṣẹ́ tí a dá owó jọ fún ti dé, a sì ti kó wọn sínú ilé iṣẹ́ tí a fi ọwọ́ ara wa kọ́. Ẹni tí ó bá wọ ibẹ̀ yóò rí ayùn ọwọ́ oríṣi méjì, òòlù, fáìlì, ṣísù ńlá àti kékeré, irin ìfági tí àwọn káfíńtà ń pè ní pílénì, fáìsì tí a dè mọ́ tábìlì, àti òkúta ìpọ́nbẹ. Ẹ̀rọ oníná mẹ́ta sì wà pẹ̀lú wọn: èyí tí ń lu ihò, èyí tí ń pọ́n irin, àti ayùn roboto tí ń la pákó. Tòkunbọ̀ ni púpọ̀ nínú wọn, ṣùgbọ́n ojúlówó ni wọ́n.

Ìdí tí a fi rà wọ́n kò fara sin fún ẹnikẹ́ni. Bí ilẹ̀kùn àká àgbẹ̀ bá yẹ̀, bí àtẹ tí a ń sá kòkó sí bá ya, bí igi tí ó gbé ẹ̀rọ ìrin gbágùúdá ró bá jẹrà, a ní láti wọkọ̀ lọ sí ìlú ńlá kí a tó rí ẹni tí yóò tún un ṣe. Owó ọkọ̀ lọ, owó iṣẹ́ lọ, ọjọ́ kan tí à bá fi ro oko sì lọ pẹ̀lú wọn. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn ọmọ wa tí wọ́n ti ka ìwé tán ń jókòó lásán ní ìgboro.

Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ tí ẹrù ti dé ni àríyànjiyàn ti bẹ̀rẹ̀. Àwọn kan ní kí a pín irinṣẹ́ náà sí àdúgbò-àdúgbò, kí olúkúlùkù lè fojú rí ohun tí owó rẹ̀ rà. Àwọn mìíràn ní kí a fi wọ́n háyà fún àwọn oníṣẹ́ láti ọ̀la lọ, kí owó lè máa wọlé. Àwọn kan tilẹ̀ ń fẹ́ kí a ti ilẹ̀kùn pa, kí kọ́kọ́rọ́ sì wà lọ́wọ́ àgbà kan títí a óò fi fi ẹnu kò. Ìgbìmọ̀ wa ti gbé ìmọ̀ràn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yẹ̀ wò, a kò sì lè fara mọ́ ọ̀kankan nínú wọn. Ayùn tí a bá pín fún ẹni tí kò mọ bí a ti ń pọ́n ọn yóò di irin lásán kí òjò kan tó rọ̀ tán. Ẹ̀rọ tí a bá fi háyà fún ẹni tí kò mọ̀ ọ́n lò lè gé e ní ìka, ta ni yóò sì dá ìka padà fún un? Èyí tí a bá sì tì mọ́lé, ìpẹtà ni yóò jogún rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a rántí bí àwọn baba wa ti ṣe é. Ọmọ tí a mú lọ sí àgbẹ̀dẹ kì í kọ́kọ́ di ọmọ owú mú. Yóò máa fi ẹwìrì finná, yóò máa gbé èédú, ojú rẹ̀ yóò sì máa wà lára ọ̀gá, títí yóò fi mọ àwọ̀ irin tí iná ti mú dáadáa yàtọ̀ sí èyí tí kò tí ì tó. Kì í ṣe pé ọ̀gá ń fi ìyà jẹ ẹ́. Ojú ni ó kọ́kọ́ ń kọ́ṣẹ́, ọwọ́ a sì tẹ̀ lé e.

Báyìí náà ni ó rí fún àwọn irinṣẹ́ tí ó ti òkèèrè wá. Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé tí Henry Townsend gbé wá sí Abẹ́òkúta ìbá ti dúró bí ère, bí kò bá ṣe pé a kọ́ àwọn ọmọ ilẹ̀ yìí ní iṣẹ́ ìtẹ̀wé. Nítorí pé a kọ́ wọn ni Ìwé Ìròhìn fi lè jáde ní 1859 ní èdè wa. Ní Èkó ẹ̀wẹ̀, àwọn Àgùdà tí ó ti Bùràsíìlì padà dé mú iṣẹ́ káfíńtà àti ti bíríkìlà bọ̀. Ọ̀kan nínú wọn, João Baptista da Costa, ni ó kọ́ mọ́ṣáláṣí Shitta Bey tí a ṣí ní 1894. Irú àwọn ọ̀gá bẹ́ẹ̀ gba ọmọ iṣẹ́, àwọn ọmọ iṣẹ́ náà sì di ọ̀gá. Irinṣẹ́ wọn ìgbà náà ti gbó, ṣùgbọ́n ìmọ̀ iṣẹ́ náà kò bá wọn wọ ilẹ̀ lọ.

Kí ni a ní láti kọ́? Ẹ̀kọ́ kìíní ni bí a ti ń mú kí irin mú. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé irin mímú ni ó léwu jù. Irin kíkú ni ó ń ṣeni léṣe jù, nítorí pé agbára ni a ń fi tì í, bí ó bá sì yọ̀, ọwọ́ ni ó ń bá lọ. Ẹ wo pílénì. Ní 1869 ni ilé iṣẹ́ Stanley ní Amẹ́ríkà ra iṣẹ́ ọkùnrin kan tí ń jẹ́ Leonard Bailey, títí di òní ni a sì ń ṣe pílénì ní irú tirẹ̀. Irin inú rẹ̀ dùbúlẹ̀ ní dígírì 45 sí ojú pákó. A óò fi ojú irin náà lọ òkúta ní nǹkan bí dígírì 25, a óò sì fi dígírì 30 parí ẹnu rẹ̀, títí irin tín-ín-rín kan yóò fi yí sí ẹ̀yìn tí ọwọ́ lè mọ̀. Lẹ́yìn náà ni a óò tẹ́ ẹ̀yìn irin náà pẹrẹsẹ lórí òkúta kí tín-ín-rín yẹn lè bọ́. Ẹni tí ó bá kọ́ èyí ti kọ́ ti ṣísù pẹ̀lú.

Ẹ̀kọ́ kejì ni ayùn. A ti wí pé oríṣi méjì ni a rà, àwọn kan sì bèèrè pé kí ni a fẹ́ fi méjì ṣe. Eyín ayùn tí ń la igi ní gígùn dà bí ṣísù kéékèèké, ó ń họ igi ni. Eyín èyí tí ń gé igi ní ìbú dà bí ọ̀bẹ, ó ń já fọ́nrán igi ni. Bí a bá fi ọ̀kan ṣe iṣẹ́ èkejì, igi yóò ya, apá yóò sì ro wá. Ẹ tún wò ó dáadáa, ẹ ó rí i pé a tẹ eyín kan sí ọ̀tún, a tẹ èyí tí ó tẹ̀ lé e sí òsì. Èyí ni ó ń mú kí ojú ibi tí ayùn gbà fẹ̀ ju ara ayùn lọ, kí igi má baà há a mọ́ra. Ẹni tí kò bá mọ ìdí rẹ̀ yóò rò pé ayùn ti wọ́, yóò sì fi òòlù nà án tọ́. Ó ti ba ayùn jẹ́ nìyẹn.

Ẹ̀kọ́ kẹta ni ìwọ̀n. Íǹṣì wà ní ẹ̀gbẹ́ kan lára tẹ́ẹ̀pù wa, mìlímítà sì wà ní ẹ̀gbẹ́ kejì. Mìlímítà 25.4 ni ó wà nínú íǹṣì kan. Bí ẹni tí ó wọn ilẹ̀kùn bá lo ọ̀kan, tí ẹni tí ó ń gé pákó sì lo èkejì láìsọ fún ara wọn, ìjà ni yóò dé. Pákó tí a bá sì gé kúrú kì í gùn mọ́.

Ẹ̀kọ́ kẹrin ni ti ẹ̀rọ oníná, ibí yìí ni a sì bẹ̀ yín pé kí ẹ ti fetí sílẹ̀ jù. Ohun àkọ́kọ́ ni kí a ka ohun tí a kọ sí ara ẹ̀rọ kí a tó fi í sí iná. Iná ti Nàìjíríà wà láàrin fóòtì 230 sí 240, ṣùgbọ́n ti Amẹ́ríkà jẹ́ 120. Tòkunbọ̀ tí ó ti Amẹ́ríkà wá, bí a bá fi í sí iná wa láìsí ẹ̀rọ tí ń dín agbára iná kù, yóò jóná ní ìṣẹ́jú kan.

Òkúta tí ń yí lára ẹ̀rọ ìpọ́nrin, kí a tó dè é mọ́ ẹ̀rọ, a óò gbé e rọ̀, a óò sì fi igi kàn án jẹ́jẹ́. Bí ó bá dún gooro, ó yè. Bí ó bá dún kíkú, ó ti sán, kí a má ṣe lò ó, nítorí pé ó lè fọ́ bí ó ti ń yí kí ó sì pa ènìyàn. Bí a bá tan ẹ̀rọ náà, ẹ̀gbẹ́ ni kí a dúró sí, kì í ṣe iwájú rẹ̀. Kí irin tí a ń gbé ọwọ́ lé má ṣe jìnnà sí òkúta ju mìlímítà 3 lọ. Kí a máa ti irin tí a ń pọ́n bọ omi lóòrèkóòrè, nítorí bí ẹnu rẹ̀ bá ti di àwọ̀ aró, líle rẹ̀ ti lọ nìyẹn.

Ẹ̀rọ tí ń lu ihò kò fẹ́ ìbọ̀wọ́, kò fẹ́ agbádá, kò fẹ́ gèlè tí etí rẹ̀ ń fẹ́ lẹ́lẹ́. Ohunkóhun tí ó bá ń jù fìrìfìrì ni yóò fà mọ́ra, ọwọ́ yóò sì tẹ̀ lé e. Kí a de igi tí a fẹ́ lu mọ́ tábìlì, kí a sì yọ kọ́kọ́rọ́ ẹnu ẹ̀rọ kúrò kí a tó tan án. Ní ti ojú, kò sí ẹ̀rọ kan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tí a gbọ́dọ̀ lò láìwọ awò tí ń dáàbò bo ojú. Ẹni tí ó bá sì ń gé ìrókò, kí ó fi aṣọ bo imú, nítorí ìyẹ̀fun rẹ̀ a máa yọ ẹlòmíràn lẹ́nu ní imú, ní ojú àti ní ara.

Nítorí náà, ìgbìmọ̀ mú àwọn ìmọ̀ràn wọ̀nyí wá síwájú yín. Kí a wá ọ̀gá káfíńtà kan tí ọwọ́ rẹ̀ mọ́, kí a sì san owó fún un, nítorí ẹni tí a kò bá sanwó fún kò ní fi ọjọ́ rẹ̀ sílẹ̀ fún wa. Kí a yan àwọn akẹ́kọ̀ọ́ láti gbogbo àdúgbò, kí ó má ṣe jẹ́ ọmọ àwọn olóyè ẹgbẹ́ nìkan, kí a má sì ṣe wí pé iṣẹ́ ọkùnrin ni kí a fi lé àwọn ọmọbìnrin wa sẹ́yìn. Kí oṣù méjì àkọ́kọ́ jẹ́ ti irinṣẹ́ ọwọ́ nìkan, kí ẹnikẹ́ni má fi ọwọ́ kan ẹ̀rọ oníná títí ọ̀gá yóò fi jẹ́rìí sí i. Kí ìwé kan wà ní ẹnu ọ̀nà, kí a máa kọ orúkọ ẹni tí ó mú irinṣẹ́, ọjọ́ tí ó mú un, àti bí ó ti rí nígbà tí ó dá a padà. Kí a máa fi òróró pa irin ní ìrọ̀lẹ́, pàápàá ní ìgbà òjò. Kí àpótí egbòogi wà lára ògiri.

Ẹ̀yin tí ẹ ń fẹ́ kí owó wọlé, a kò sọ pé ọ̀rọ̀ yín kò dára. Bí a bá ti ní ẹni mẹ́wàá tí ó mọ iṣẹ́, kí a máa gba iṣẹ́ ìlú sínú ilé iṣẹ́ wa, kí owó rẹ̀ sì máa ra fáìlì àti òkúta tuntun. Ṣùgbọ́n kí irinṣẹ́ má ṣe bá ẹnikẹ́ni lọ sílé, ìbáà ṣe alága, ìbáà ṣe àwa tí a ń sọ̀rọ̀ yìí.

Ẹ̀yin ará, owó tí a ná jẹ́ owó kòkó àti owó gàrí, òógùn ni ó mú un wá. Bí a bá lo sùúrù fún oṣù díẹ̀, àwọn ọmọ wa yóò kan ilẹ̀kùn ilé ìwé, wọn yóò ṣe àtẹ kòkó, wọn yóò sì kọ́ àwọn àbúrò wọn. Ẹni tí ó bá fara mọ́ ìmọ̀ràn wọ̀nyí, kí ó na ọwọ́ sókè nígbà tí alága bá bèèrè. Ẹni tí kò bá sì fara mọ́ ọn, kí ó dìde kí ó sọ ìdí rẹ̀, a ó gbọ́.