Irin Tó Ń Kọ̀

Ẹ̀yin ọmọ mi tí ẹ ń jáde nílé-ẹ̀kọ́ lónìí, wọ́n ti bẹ̀ mí pé kí n má pẹ́ lórí ìdúró. Ẹni tó bẹ̀ mí mọ̀ mí dáadáa.

Àkúrẹ́ Olóyèmẹkùn ni mo ti di olùkọ́, ṣùgbọ́n Oǹdó Ekìmọ̀gún ni mo ti kọ́ bí a ṣe ń wo nǹkan, lábẹ́ igi, lọ́dọ̀ bàbá kan tó ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe. Nígbà náà, kẹ̀kẹ́ ni ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ fi ń gbé kòkó wálé. Lọ́jọ́ kan, ọ̀gá mi ní kí n fọ fíríwíìlì, irin tí ṣéènì ń yí lára táyà ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́, fún oníbàárà kan, kí n sì fi gíríìsì díẹ̀ sí i. Ọlọ́run nìkan ló mọ iye gíríìsì tí mo dì sínú rẹ̀. Èrò mi ni pé bó bá ti pọ̀ tó ni yóò dára tó. Ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, oníkẹ̀kẹ́ ti kẹ̀kẹ́ rẹ̀ dé, ó ń mí hẹlẹ. Ẹsẹ̀ ń yí, ṣéènì ń yí, táyà ẹ̀yìn ò mira. Mo ní fíríwíìlì ti kú, kí bàbá oníkẹ̀kẹ́ lọ ra òmíràn. Ọ̀gá mi ò lù mí. Ó kàn bi mí pé, “Kí ló wà nínú rẹ̀ tó máa ń kọ̀?”

Ìbéèrè yẹn ò yé mi rárá. Ó tú fíríwíìlì náà. Àwọn ọta irin róbótó inú rẹ̀ fọ́n ká sílẹ̀, èmi náà ni mo sì fi gbogbo ọ̀sán ṣà wọ́n nínú iyanrìn. Ẹ̀yìn ìgbà tí mo ṣà wọ́n tán ni mo tó rí ohun tó ń bi mí. Irin kékeré méjì ló wà níbẹ̀, wọ́n rí bí ahọ́n, sípíríǹgì tín-ín-rín ló ń tì wọ́n síta. Òrùka tó yí wọn ká ní eyín nínú, eyín náà sì dà sí apá kan. Bí o bá wa kẹ̀kẹ́ síwájú, ahọ́n á kọ́ eyín, òrùka ò ní lè dá lọ, àfi kí táyà bá a lọ. Bí o bá dé gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tí o dá ẹsẹ̀ dúró, táyà á máa sáré lọ, ahọ́n á sì máa yọ̀ lórí eyín lọ́kọ̀ọ̀kan. Kẹ́kẹ́kẹ́kẹ́ tí gbogbo yín ń gbọ́ lẹ́yìn kẹ̀kẹ́ nìyẹn. Gíríìsì mi tó ki ló ti lẹ ahọ́n mọ́lẹ̀, sípíríǹgì ò sì lágbára tó láti gbé e dìde. Irin tó yẹ kó kọ̀ kò lè kọ̀ mọ́. A fi kẹrosíìnì fọ̀ ọ́, a kán òróró díẹ̀ sí i, ó tán. Bàbá oníkẹ̀kẹ́ ò ra nǹkan kan.

Láti ọjọ́ náà, mi ò tíì tú ẹ̀rọ kan rí kí n má kọ́kọ́ wá ibi tí ó ti ń kọ̀.

Ẹ lọ wo àwọn tó ń ṣe gààrí. Nígbà kan, òkúta ńlá ni àwọn ìyá wa ń gbé lé àpò gbágùúdá kí omi lè jáde. Lónìí, jáàkì ọkọ̀ ni ọ̀pọ̀ wọn fi ń tẹ̀ ẹ́. Irin tẹ́ẹ́rẹ́ kan ló ń ti ọ́ìlì lọ sábẹ́ irin tó sanra. Bí ojú irin tó sanra bá fẹ̀ ju ti tẹ́ẹ́rẹ́ lọ lọ́nà 20, agbára tó tó kílò 10 lórí tẹ́ẹ́rẹ́ á di kílò 200 lórí àpò. Kò sí ọ̀fẹ́ níbẹ̀ o: kí àpò tó rìn sẹ̀ǹtímítà 1, irin tẹ́ẹ́rẹ́ á ti rìn 20. Blaise Pascal, ará Faransé, ló ṣàlàyé ìdí rẹ̀ láàárín ọdún 1600 sí 1700. Ní 1795, Joseph Bramah gba ẹ̀tọ́ olùpilẹ̀ṣẹ̀ lọ́wọ́ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì lórí ẹ̀rọ tó fi ọ̀nà yẹn tẹ nǹkan. Ṣùgbọ́n nígbà tí ìyá wa bá gbé ọ̀pá jáàkì sókè láti tún tẹ̀ ẹ́, kí ni kò jẹ́ kí ọ́ìlì sá padà? Ọta irin méjì ni, kálukú jókòó lójú ihò tirẹ̀. Ọ̀kan ń gba ọ́ìlì wọlé, èkejì ń gbà á kọjá, kò sì sí èyí tó ń gbà á padà nínú wọn. Bí ìdọ̀tí tí kò tó iyanrìn kan bá há sábẹ́ ọta kejì, jáàkì á máa rọra wálẹ̀ fúnra rẹ̀, wọn á ní ó ti bàjẹ́, wọn á jù ú sórí ààtàn. Mo ti ṣa irú rẹ̀ wálé rí. Ìyàwó mi ò fẹ́ràn rẹ̀.

Okùn jẹnẹrétọ̀ tí ẹ ń fà, ahọ́n irin bíi ti kẹ̀kẹ́ wà nínú rẹ̀. Bí ẹ bá sì wọkọ̀ lọ sí Oǹdó, ẹ rọra fa bẹ́líìtì ìjókòó, á tẹ̀lé yín. Ẹ wá já a gbà lójijì, á kọ̀. Nínú ọ̀pọ̀ wọn, ọta kan tún wà nínú àwo kékeré. Bí ọkọ̀ bá tẹ bíréékì gidi, ọta á yí, á gbé ahọ́n sínú eyín. Ẹ má bẹ̀rù, mi ò ní sọ èyí di ìwàásù nípa ọmọlúàbí tó mọ ìgbà tó yẹ kó kọ̀. Ẹ ti gbọ́ ìyẹn lẹ́nu pásítọ̀ àti lẹ́nu lèmọ́mù.

Àwọn kan nínú yín á gba FUTA lọ, níbí ní Àkúrẹ́, yunifásítì tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1981 kí a lè fi ìmọ̀ ẹ̀rọ dá dúró. Wọn á kọ́ yín láti ṣírò bí ahọ́n irin ṣe gbọ́dọ̀ nípọn tó kí ó má baà kán. Ọ̀gá mi ò lè ṣe ìyẹn. Ojú ló fi ń wọ̀n ọ́n, ó sì máa ń kán mọ́ ọn lọ́wọ́ nígbà mìíràn, nítorí náà ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé abẹ́ igi tó. Àwọn mìíràn nínú yín á lọ ṣí ṣọ́ọ̀bù. Ẹ óò pàdé àwọn tó jẹ́ pé “ẹ pààrọ̀ ẹ̀” ni gbogbo iṣẹ́ tí wọ́n mọ̀. Wọn á tètè lówó jù yín lọ, mi ò ní purọ́ fún yín.

Fíríwíìlì àtijọ́ kan ló wà lórí tábìlì yẹn, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìwé-ẹ̀rí yín. Bí ẹ bá ń kọjá, ẹ yí i síwájú, ẹ yí i sẹ́yìn, ẹ tẹ́tí sí i. Ẹni tó bá fẹ́ tú u lè tú u, kẹrosíìnì wà nínú agolo. Ṣùgbọ́n kí ó kọ́kọ́ tẹ́ aṣọ sábẹ́ rẹ̀. Mo ti dàgbà kọjá ẹni tó ń ṣa ọta nínú iyanrìn.