Ọyẹ́, Kérésìmesì àti Ilé Wa

Ọ̀rọ̀ tí ẹ ní kí n wá bá yín sọ ní ìrọ̀lẹ́ yìí ni ti ilé wa ní àkókò ọyẹ́: bí ó ti yẹ kí a tọ́jú rẹ̀ kí a sì ṣe é lọ́ṣọ̀ọ́ de ọdún Kérésìmesì, láìti ara wa sínú gbèsè. Àwọn kan lè wí pé ọ̀rọ̀ ìgbálẹ̀ àti kọ́tìnì kéré jù fún àlùfáà. Èmi kò rò bẹ́ẹ̀, ìdí rẹ̀ yóò sì hàn kí n tó jókòó.

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti orí ọyẹ́ fúnra rẹ̀, nítorí òun ni ó ń pàṣẹ ohun tí a lè ṣe sí ilé ní oṣù Kejìlá. Ọyẹ́ kì í ṣe òtútù lásán. Afẹ́fẹ́ ni, tí ó ń fẹ́ láti ìhà àríwá òun ìlà-oòrùn, láti aginjù Sàhárà, tí ó sì ń ru eruku wá. Àwọn amòye tí ń ṣọ́ ojú ọjọ́ ti rí i pé ibì kan wà ní ilẹ̀ Ṣáàdì tí a ń pè ní Bodélé, níbi tí adágún omi ńlá wà ní ìgbà láéláé, tí omi rẹ̀ sì ti gbẹ tán. Láti ìsàlẹ̀ adágún gbígbẹ yìí ni púpọ̀ nínú eruku náà ti ń dìde. Nítorí náà, eruku tí ìyàwó ilé ń nù kúrò lórí tábìlì ní Èjìgbò lè jẹ́ ara ilẹ̀ omi tí baba ńlá ẹnikẹ́ni nínú wa kò wẹ̀ rí. Ọyẹ́ a sì máa gba omi lára ohun gbogbo. Ètè a bó, gìgísẹ̀ a sán, awọ ìlù a le, ilẹ̀kùn tí kò ṣe é tì ní ìgbà òjò a wá máa mì jìgìjìgì nínú férémù rẹ̀. Koríko a gbẹ tó bẹ́ẹ̀ tí ẹta iná kan ṣoṣo tó láti jó oko ìdílé mẹ́ta.

Ní ilẹ̀ àwọn Òyìnbó tí wọ́n mú ìhìnrere tọ̀ wá wá, ọ̀tọ̀ ni bí ọdún yìí ti ń bá wọn. Ìgbà òtútù ńlá ni, tí ewé ti wọ́ tán lórí igi, àfi irú igi kan tí ewé rẹ̀ rí bí abẹ́rẹ́. Nítorí pé òun ni ó ṣì tutù nínú igbó, òun ni wọ́n gbé wọ ilé. Àwọn ará Jámánì ni wọ́n kọ́kọ́ fi èyí ṣe àṣà. Ní ọdún 1848, ìwé ìròyìn kan ní Lọ́ńdọ́nù tẹ àwòrán Ọbabìnrin Victoria, àti Albert ọkọ rẹ̀ tí í ṣe ọmọ Jámánì, pẹ̀lú àwọn ọmọ wọn ní àyíká irú igi bẹ́ẹ̀. Láti ìgbà náà ni ọ̀pọ̀ ìdílé ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti fẹ́ ní tiwọn. Èyí kò burú. Ohun tí ó wà ní ẹ̀bá ilé wọn ni wọ́n lò. Ohun tí ó ń yà mí lẹ́nu ni kí ọmọ Èjìgbò ra igi oníke ní ọjà, kí ó sì to òwú lé e lórí kí ó lè dà bí yìnyín tí òun kò fojú rí rí, nígbà tí eruku ọyẹ́ yóò ti sọ òwú náà di pupa kí ó tó di ọjọ́ kẹta.

Kérésìmesì tí ìjọ wa máa ń fi bẹ̀rẹ̀ ìtàn rẹ̀ ní ilẹ̀ yìí ni ti ọdún 1842 ní Àgbádárìgì. Thomas Birch Freeman ti ìjọ Mẹ́tọ́díìsì ti gúnlẹ̀ síbẹ̀ ní oṣù Kẹsàn-án. Ó ti lọ kí àwọn ará Abẹ́òkúta, ó sì padà dé ní kété tí ọdún ku ọ̀la. Henry Townsend ti ìjọ tiwa dé ní oṣù Kejìlá kan náà. Wọ́n jọ ṣe ọdún náà, igi àgíà kan ni a sì fi ń ṣe ìrántí rẹ̀. Igi náà dúró títí di ọdún 1959 kí ó tó wó, a sì ti gbé ohun ìrántí sí ipò rẹ̀. Bí ọmọdé kan bá bi mí léèrè pé èwo ni igi Kérésìmesì ti ilẹ̀ wa, igi yẹn ni èmi yóò dárúkọ fún un, n kò sì rò pé ẹnikẹ́ni rí ààyè so ìlẹ̀kẹ̀ mọ́ ọn lára.

Kí ni àwa ní, nígbà náà? Èkíní ni ìmọ́tótó, èyí tí kò ní owó nínú. Àwọn ìyá wa àtijọ́ mọ èyí dáradára. Nígbà tí òjò bá ti dá, wọn a po ilẹ̀ pupa pọ̀ mọ́ ìgbẹ́ màlúù, wọn a sì fi ọwọ́ rẹ́ ògiri àti ilẹ̀ ilé títí yóò fi máa dán. Wọn kì í ṣe é ní ìgbà òjò, nítorí òjò yóò fọ̀ ọ́ dànù. Wọn kì í sì í dúró títí ọyẹ́ yóò fi mú gan-an, kí ohun tí wọ́n rẹ́ má baà gbẹ lójijì kí ó sì sán. Ogiri sìmẹ́ńtì ni ó pọ̀ nínú ilé wa báyìí, ṣùgbọ́n ọgbọ́n náà kò yí padà. Ẹni tí yóò bá kun ọ̀dà, kí ó kùn ún kí eruku tó dé. Bí eruku bá ti dé, ẹ wọ́n omi sílẹ̀ kí ẹ tó gbálẹ̀, nítorí ẹni tí ó ń fi ìgbálẹ̀ gbígbẹ gbá eruku ọyẹ́, láti ilẹ̀ ni ó ń kó o lọ sínú ìkòkò ọbẹ̀. Ẹ fi aṣọ tútù nu àga, ẹ má fi aṣọ gbígbẹ gbọ̀n ọ́n. Ẹ dé omi mímu. Ẹ ti fèrèsé ní òru títí oòrùn yóò fi gòkè díẹ̀, pàápàá bí ọmọ tí àyà rẹ̀ kì í gba eruku bá wà nínú ilé. Ní ti kọ́tìnì, ẹ̀yin ìyàwó ilé, ẹ má bínú sí mi: ẹni tí ó bá ta kọ́tìnì tuntun ní oṣù Kọkànlá, kọ́tìnì ògbólógbòó ni àlejò rẹ̀ yóò bá ní ọjọ́ ọdún. Ẹ jẹ́ kí ó wà nínú àpótí títí di ìrọ̀lẹ́ tí ó ṣáájú.

Lẹ́yìn èyí ni ẹwà. Ẹ wo ohun tí oko wa ń mú jáde ní àkókò yìí gan-an. Ọkà bàbà ti gbó. Ìdì kan tí a so kọ́ sí ẹnu ọ̀nà pẹ̀lú orí rẹ̀ pupa rẹ̀ǹdẹ̀rẹ̀ǹdẹ̀ kò ní ohun tí yóò fi tijú níwájú ìlẹ̀kẹ̀ gíláàsì. Ọsàn ń bẹ lọ́jà; ẹ to ó sínú igbá fínfín, irú èyí tí àwọn ará Ọ̀yọ́ ń gbẹ́, kí ẹ sì gbé e sí àárín tábìlì: ohun tí àlejò ń wò ni, ohun tí yóò sì jẹ náà ni. Ẹní tuntun wà, òfì ìyá wa àgbà wà nínú àpótí, àdìrẹ wà tí a lè fi bo àga tí aṣọ rẹ̀ ti ya. Mo ti wọ ilé kan ní Ọlá tí ohun gbogbo tí ó wà nínú yàrá ìgbàlejò kò ju ẹní méjì, àga mẹ́ta àti igbá ọsàn kan lọ, mo sì jókòó pẹ́ ju bí mo ti pète lọ.

Ọ̀rọ̀ imọ̀ ọ̀pẹ ni ó máa ń dá àríyànjiyàn sílẹ̀ láàárín wa. Àwọn kan wí pé màrìwò jẹ́ aṣọ Ògún, nítorí náà kò yẹ ẹnu ọ̀nà onígbàgbọ́. Mo bọ̀wọ̀ fún ẹ̀rí ọkàn wọn, ṣùgbọ́n n kò bá wọn lọ. Ọlọ́run ni ó dá ọ̀pẹ, kì í ṣe Ògún, àwa kan náà sì ni a ń mú imọ̀ rẹ̀ lọ́wọ́ ní ọjọ́ Àìkú tí ó ṣáájú Àjíǹde. Ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ wa kọ́ ilé Kérésì wọn tí wọ́n ń fi imọ̀ ọ̀pẹ ṣe sí iwájú ìta. Ayọ̀ tí wọ́n ń rí nínú rẹ̀ ju ti ohun ìṣeré tí a rà lọ, nítorí ọwọ́ ara wọn ni wọ́n fi kọ́ ọ.

Ohun tí mo bẹ̀rù níbẹ̀ ni iná, níhìn-ín ni mo sì fẹ́ kí ẹ̀yin baba tẹ́tí. Imọ̀ tí a gé ní òní tutù. Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́rin nínú ọyẹ́, ìgbẹ́ná ni. Bí ọmọ bá tan àbẹ́là sínú àgọ́ bẹ́ẹ̀, tàbí tí ó ju bánńgà sí ẹ̀bá rẹ̀, ẹ kò ní rí ààyè pọn omi. Nítorí náà, ẹ má ṣe gé imọ̀ ju ọjọ́ méjì ṣáájú ọdún. Kí àgọ́ náà jìnnà sí ilé, sí abà àti sí ibi tí ẹ̀rọ iná mànàmáná ń dúró. Kí a má ṣe dáná nínú rẹ̀. Kí epo bẹntiróòlù má ṣe sùn nínú yàrá tí ènìyàn ń sùn. Kí garawa omi kan àti yanrìn díẹ̀ wà nítòsí, kí a sì já gbogbo imọ̀ náà kúrò bí ó bá ti gbẹ, bí ọjọ́ Ìfihàn tilẹ̀ ṣì ku ọ̀sẹ̀ kan.

Mo ti dé ibi tí ó wúwo jù nínú ọ̀rọ̀ mi. Gbogbo wa ni a mọ irú ìlú tí Èjìgbò jẹ́. Láti ayé àwọn baba wa àgbà ni àwọn ọmọ ìlú yìí ti ń lọ ṣe òwò ní ilẹ̀ Côte d'Ivoire, pàápàá ní Àbíjáǹ. Ẹni tí ó bá wọ ọjà wa ní oṣù Kejìlá yóò gbọ́ èdè Faransé lẹ́nu ọmọdé, yóò sì rí owó séfà lọ́wọ́ àgbà. Ọkọ̀ a máa dé láti Accra, láti Lòmé, láti Kútọnu gba Sẹ̀mẹ̀, pẹ̀lú ẹrù gíga lórí. Ayọ̀ ńlá ni. Ṣùgbọ́n láti inú ayọ̀ yìí ni ìdíje kan ti yọ. Ilé ta ni ó ní ọ̀dà tuntun? Àga ta ni ó rọ̀ jù? Nítorí ìdíje yìí, àwọn kan ń gba owó èlé ní oṣù Kọkànlá tí wọn kò ní san tán títí Àjíǹde yóò fi kọjá. Àwọn baba wa àtijọ́ fi ọmọ sọfà nítorí ìnáwó òkú. A bú wọn fún un, ṣùgbọ́n owó èlé orí kọ́tìnì jọ ọ́. Àjọ tí àwọn ẹgbẹ́ ìyá ń dá láti inú oṣù kìn-ín-ní láti fi pín ẹran ní ìparí ọdún dára jù ú lọ fíìfíì.

Gbèsè nìkan kọ́ sì ni ìpalára rẹ̀. Ìyá kan wà nínú ọ̀kan nínú àwọn abúlé wa tí ọmọ rẹ̀ lo ọdún mẹ́sàn-án ní Àbíjáǹ láìwá ilé. Ọdọọdún ni ó ń fi owó ọ̀dà ránṣẹ́, ọdọọdún ni òun fúnra rẹ̀ kò wá. Ìyá náà tọ̀ mí wá pé, “Bàbá, ẹ bá mi bi í bóyá ògiri ni ó ń bẹ̀rù.” Mo pè é lórí fóònù. Ó pẹ́ kí ó tó sọ̀rọ̀. Lẹ́yìn náà ó ní àwọn ẹgbẹ́ òun ti kọ́ ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, páànù ilé baba òun sì ti dógùn-ún, níbo ni òun yóò fi wọ́n jókòó sí bí wọ́n bá wá kí òun? Ìyá rẹ̀ gba fóònù lọ́wọ́ mi. Ó ní, “Ẹní tí mo tẹ́ ọ sí nígbà tí mo bí ọ kò sí mọ́, ọmọ mi, ṣùgbọ́n mo ti ra òmíràn.” Kò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọmọ náà dé ní ọjọ́ kẹta oṣù kìn-ín-ní, nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti ń padà lọ. Màrìwò gbígbẹ ṣì wà lẹ́nu ọ̀nà ìyá rẹ̀; ó ní òun kò ní já a títí yóò fi bá a níbẹ̀. Ẹ ti gbọ́ ohun tí mo sọ nípa màrìwò gbígbẹ; síbẹ̀ n kò bá a wí.

Kì í ṣe ìgbà kan tí a ní láti gba àwọn ọmọ wa lọ́wọ́ òfo. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 1969, ìjọba Busia ní ilẹ̀ Ghana pàṣẹ kí àlejò tí kò ní ìwé ìgbélùú jáde láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọmọ Yorùbá sì wọlé kí Kérésìmesì tó dé, ọ̀pọ̀ nínú wọn pẹ̀lú aṣọ ọrùn wọn. Nígbà tí ogun bẹ́ sílẹ̀ ní Côte d'Ivoire ní ọdún 2002, àti nígbà rògbòdìyàn ìdìbò tí ó bẹ̀rẹ̀ ní ìparí ọdún 2010, a tún ń wo ojú ọ̀nà pẹ̀lú ìbẹ̀rù. Ní irú ọdún bẹ́ẹ̀, kò sí ẹni tí ó ń béèrè àwọ̀ ọ̀dà. Ààyè ìsùn, omi ìwẹ̀ àti oúnjẹ gbígbóná ni à ń wá. Nítorí náà ni mo ṣe ń bẹ̀ yín, ẹ̀yin òbí, bí ẹ bá ń bá àwọn ọmọ yín sọ̀rọ̀ lọ́sẹ̀ yìí, ẹ kọ́kọ́ sọ fún wọn pé yàrá wọn ti wà ní gbígbá. Bí ẹ bá fẹ́ béèrè owó ọ̀dà, ẹ béèrè rẹ̀ lẹ́yìn náà.

Ní ọjọ́ Sátidé tí ó ṣáájú Àìkú kẹrin ní ìgbà Bíbọ̀ Olúwa, àwọn ọ̀dọ́ yóò gbá àyíká ilé Ọlọ́run, wọn yóò sì lọ bá àwọn opó àti àwọn àgbà tí kò ní ọmọ nílé nu ògiri àti fèrèsé wọn. Kí ẹni tí ó ní àkàbà gbé e wá. Ẹ má mú imọ̀ ọ̀pẹ wá ní ọjọ́ náà. Ó ti yá jù.