Ọ̀dọ́ Fẹ̀mí Wewu: Ta Ni Yóò San Owó Ìdóòlà?

Ẹ̀yin ará Ọ̀jọ́, Ìbà àti Okókómáíkò, ọ̀rọ̀ tó wà nílẹ̀ yìí kò jìnnà sí ẹnu ọ̀nà ẹnikẹ́ni. Apá kan àdúgbò yìí kọjú sí ọ̀sà, apá kejì kọjú sí títì Àgbádárìgì tó gba Sẹ̀mẹ̀ jáde nílẹ̀ Nàìjíríà. Ní àdúgbò yìí kan náà ni Lagos State University wà, pẹ̀lú ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọ̀dọ́ tí ọ̀rọ̀ “jápa” kì í wọ́n lẹ́nu wọn.

Ní 2020, ọmọkùnrin Nàìjíríà kan, ọmọ ọdún 14, sọ fún àwọn oníròyìn ní Sípéènì bí òun ṣe lo ọ̀sẹ̀ méjì lórí ìtọ́kọ̀ ọkọ̀ òkun tó gbéra ní Èkó. Ìtọ́kọ̀ ni irin gbàǹgbà ìdí ọkọ̀ tí wọ́n fi ń darí rẹ̀. Ìgbì ń lu ẹni tó bá jókòó lé e tọ̀sán tòru. Òun nìkan kọ́. Ní oṣù kọkànlá 2022, àwọn mẹ́ta jókòó síbẹ̀ fún ọjọ́ 11 lórí ọkọ̀ Alithini II títí wọ́n fi dé Las Palmas. Ní 2023, àwọn mẹ́rin lo ọjọ́ 14 lórí ọkọ̀ Ken Wave. Wọ́n rò pé Yúróòpù ni wọ́n ń lọ. Bràsíl ni wọ́n bá ara wọn, níbi tí ọlọ́pàá ti já wọn gbà.

Ẹ jẹ́ ká gbé ọmọ ọdún 14 yẹn sí ẹ̀gbẹ́ Abby Sunderland, ọmọ Amẹ́ríkà ẹni ọdún 16. Ní oṣù kẹfà 2010, ó ń dá wa ọkọ̀ ìgbòkun láti yí ayé ká nígbà tí òpó ìgbòkun rẹ̀ ṣẹ́ láàárín Òkun Íńdíà. Ọsirélíà háyà ọkọ̀ òfurufú ńlá láti wá a kàn. Ọkọ̀ apẹja Faransé ló lọ gbé e. Àríyànjiyàn bẹ́ sílẹ̀: ṣé kí àwọn òbí rẹ̀ san owó náà? Ìjọba Ọsirélíà ní àwọn kò ní béèrè kọ́bọ̀.

Ọ̀kan ní ọkọ̀ tirẹ̀ àti òbí tó fọwọ́ sí ìrìn àjò rẹ̀. Èkejì kò ní ju irin tó jókòó lé lọ. Síbẹ̀, ìbéèrè kan náà ló dúró lórí àwọn méjèèjì.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn á ní kí ẹni tó fọwọ́ ara rẹ̀ fa wàhálà sanwó rẹ̀. Ọ̀rọ̀ wọn kì í ṣe ọ̀rọ̀ òmùgọ̀. Kò yẹ kí owó orí ẹni tó ń ta rédíò ní ọjà Àlábà máa lọ sórí fàájì ẹni tó rí jẹ jù ú lọ. Ní ìpínlẹ̀ New Hampshire ní Amẹ́ríkà, ẹni tó bá fi àìbìkítà gun òkè, tí wọ́n sì lọ dóòlà rẹ̀, lè gba bíìlì. Ṣùgbọ́n láti 2015, ẹni tó bá ti ra káàdì dọ́là 25 fún ọdún kan bọ́ lọ́wọ́ irú bíìlì bẹ́ẹ̀. Ní Switzerland, àwọn ará ìlú ń dáwó lọ́dọọdún fún Rega, tó ń fi ọkọ̀ òfurufú dóòlà ènìyàn láti 1952. Ní Bìrìtìkó, owó ọrẹ ni RNLI, tó ti wà láti 1824, ń lò láti yọ ènìyàn nínú òkun, kì í sì í gbowó lọ́wọ́ ẹni tó yọ. Níbi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, owó ti ń wọlé kí ewu tó dé.

Bíìlì tó ń tẹ̀lé ìdóòlà ní ìpalára tirẹ̀. Ẹni tó ń bẹ̀rù gbèsè kì í tètè ké. Nígbà tó bá fi máa ké, ilẹ̀ á ti ṣú, àwọn tó ń wá a náà á sì máa fẹ̀mí ara wọn wewu nínú òkùnkùn.

Bí wọ́n bá wá di gbogbo ẹrù náà lé ẹni tó bá pàdé ọ̀dọ́ náà lórí ńkọ́? Ní 1992, ọ̀dọ́ mẹ́sàn-án, tí ọmọ Gánà pọ̀ jù nínú wọn, sá pamọ́ sínú ọkọ̀ MC Ruby tó ń lọ sí Faransé. Àwọn atukọ̀ náà ń bẹ̀rù owó ìtanràn tí Yúróòpù ń gbà lọ́wọ́ ọkọ̀ tó bá gbé irú wọn dé. Wọ́n pa mẹ́jọ, wọ́n sì jù wọ́n sókun. Ẹyọ kan ló bọ́, ó dé Le Havre, ó rojọ́. Ilé ẹjọ́ Faransé dá àwọn apànìyàn náà lẹ́bi ní 1995.

Òfin òkun ń gbìyànjú láti dí ọ̀nà yìí. Àdéhùn SOLAS, tó wà fún ààbò ẹ̀mí lórí òkun, pọn ọn ní dandan fún ọ̀gákọ̀ láti dóòlà ẹni tó wà nínú ewu. Ìlànà àdéhùn ìdóòlà ti 1989 ni pé ẹni tí wọ́n gba ẹ̀mí rẹ̀ là kò jẹ olùgbàlà rẹ̀ lówó. Ẹni tó ni ọkọ̀ ló ń gbọ́ bùkátà ẹni tó sá pamọ́ sínú ọkọ̀ rẹ̀, ẹgbẹ́ adójútòfò rẹ̀ sì sábà máa ń dá owó náà padà fún un. Lórí ilẹ̀ náà, láti 2017, owó Yúróòpù ni IOM, àjọ àgbáyé fún ọ̀rọ̀ àwọn aṣíkiri, fi ń kó ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọmọ Nàìjíríà tó há sí Líbíà bọ̀ wálé.

Nílé ńkọ́? Ní alẹ́ ọjọ́ 8 oṣù keje 2022, ọkọ̀ tó gbéra ní Mile 2 lọ sí Ìbẹ̀ṣẹ̀ dojú dé, ó kéré tán ènìyàn 15 sì kú. LASWA, tó ń mójú tó ọ̀nà omi Èkó, ní ó gbéra lẹ́yìn àkókò tí òfin gbà. Pípe 767 tàbí 112 kò gba owó, ṣùgbọ́n apẹja àti òmùwẹ̀ àdúgbò ló sábà máa ń kọ́kọ́ dé, pẹ̀lú ọkọ̀ àti epo tiwọn.

Àwọn àgbà ní ká kọ́kọ́ lé akátá lọ ná, ká tó fàbọ̀ bá adìẹ. Kí ẹnikẹ́ni má béèrè owó lọ́wọ́ ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nínú omi. Kí ẹni tó lówó eré ewu san tirẹ̀ sílẹ̀ kó tó gbéra. Kí ọlọ́kọ̀ tó gbéra lóru láìní ẹ̀wù ààbò orí omi, àti ẹni tó ń gbowó lọ́wọ́ ọ̀dọ́ láti tì wọ́n sí aṣálẹ̀ tó lọ sí Líbíà, san ìtanràn tó lágbára. Kí wọ́n yọ díẹ̀ nínú owó ọkọ̀ èrò kọ̀ọ̀kan ní èbúté Ọ̀jọ́, kí gbogbo rẹ̀ wọ àpò ìdóòlà kan ṣoṣo. Bí apẹja kan bá gbọ́ igbe lórí ọ̀sà lóru, tó sì da epo tó fẹ́ fi ṣiṣẹ́ òwúrọ̀ sẹ́nu ẹ́ńjìnnì, òun ni kí àpò náà kọ́kọ́ sanwó fún, kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó ṣú.