Ọ̀gá Tí Ó Padà Di Ọmọ-iṣẹ́

Bí ọ̀gá télọ̀ kan bá di ẹni ogójì ọdún, tí ó ti ní ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀, ǹjẹ́ ẹ rò pé yóò tún lọ kọ́ bí a ti ń fi òwú bọ abẹ́rẹ́? Ohun tí Dókítà Gazi Yaşargil ṣe gan-an nìyẹn, kì í sì í ṣe aṣọ ni ó ń rán.

Lice ní ilẹ̀ Túrkì ni a ti bí i ní 1925. Ó gba Jámánì dé Switzerland, ó gba oyè dókítà ní Basel ní 1950, ó sì kọ́ iṣẹ́ abẹ ọpọlọ lọ́dọ̀ Ọ̀jọ̀gbọ́n Hugo Krayenbühl ní Zürich.

Ní ìgbà náà, ojú lásán ni ọ̀pọ̀ oníṣẹ́ abẹ fi ń wo iṣan ẹ̀jẹ̀ inú ọpọlọ. Bí iṣan náà bá dí, ọpọlọ kì í ní sùúrù: láàárín ìṣẹ́jú mélòó kan, ibi tí ẹ̀jẹ̀ kò dé bẹ̀rẹ̀ sí í kú. Ọwọ́ a rọ, ẹnu a wọ́.

Ní 1965, ó lọ sí Burlington ní Vermont, ní Amẹ́ríkà, lọ́dọ̀ Dókítà Donaghy. Ó lé ní ọdún kan tí ó fi ń rán iṣan ẹ̀jẹ̀ ẹranko lábẹ́ awò tí ń sọ ohun kékeré di ńlá. Iṣan náà lè má fẹ̀ ju mìlímítà kan lọ. Orí ìṣáná tóbi jù ú. Òwú rẹ̀ tín-ín-rín ju irun orí lọ. Bí a bá fà á le jù, iṣan ya. Bí ojú rírán kò bá dán, ẹ̀jẹ̀ dì sí i nínú, iṣẹ́ bàjẹ́. Ẹ wo sùúrù!

Ní ọjọ́ 30 oṣù October 1967, ní Zürich, ó mú iṣan ẹ̀jẹ̀ kan ní ẹ̀bátí aláìsàn, ó gba ihò agbárí mú un wọlé, ó sì rán an mọ́ iṣan ojú ọpọlọ, bí ẹni tí páìpù omi rẹ̀ dí tí ó fa òmíràn láti ilé kejì.

Kí n má fi òótọ́ pamọ́ fún yín: ní 1985, àwọn dókítà tí ó wo aláìsàn 1,377 rí i pé iṣẹ́ abẹ yìí kò dá àrùn rọpárọsẹ̀ dúró ju oògùn lọ. Ọ̀pọ̀ fi í sílẹ̀, àfi fún àwọn àìsàn kan. Ṣùgbọ́n wọn kò fi awò sílẹ̀. Awò yìí ni Yaşargil fi ń gba àárín ìṣẹ́po ọpọlọ kọjá láìgé e, títí yóò fi dé ibi tí iṣan wú bíi rọ́bà kẹ̀kẹ́ tí ó fẹ́ bẹ́, tí yóò sì fi irin kékeré fún un lọ́rùn. Lójú tèmi, èyí ju iṣẹ́ tí ó sọ ọ́ di olókìkí lọ.

Ó fẹ̀yìntì ní Zürich ní 1993, ṣùgbọ́n kò jókòó. Ní 1994, ó kó lọ sí Little Rock ní Arkansas, òun àti Dianne aya rẹ̀, nọ́ọ̀sì tí ó máa ń na irinṣẹ́ sí i nínú yàrá iṣẹ́ abẹ. Ó ń ṣiṣẹ́, ó sì ń kọ́ àwọn ẹlòmíràn. Oṣù June 2025 ni ó kú, nígbà tí ó ku oṣù kan kí ó pé ọgọ́rùn-ún ọdún.