Ìmúra fún Kíkó Ilé: Láti Bronx Dé Georgia

Ọ̀rọ̀ tí a sọ níwájú àwọn ọmọ ilé ní ìpàdé ọjọ́ Àìkú

  

Àwọn àgbà ní kí n wá bá yín sọ̀rọ̀ lórí kíkó ilé. Ìdílé mẹ́ta nínú wa ń múra láti kúrò ní Bronx lọ sí agbègbè Atlanta kí àwọn ọmọ tó wọlé iléèwé. Owó ilé ló ń lé wa, kò sí ìdí tí a ó fi pa á mọ́. Òun ló lé èmi náà ní 2017. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ní kí n wọ ọkọ̀ òfurufú wá ní ọjọ́ Ẹtì, kí n wá sọ ohun tí ojú mi rí.

Ìrìn yìí kì í ṣe tuntun láàrin àwọn ènìyàn dúdú ilẹ̀ yìí. Láti nǹkan bíi 1910 títí dé 1970, bíi mílíọ̀nù mẹ́fà wọn ló fi àwọn ìpínlẹ̀ ìhà gúúsù sílẹ̀ wá sí àwọn ìlú ńlá bíi New York, Chicago àti Detroit. Láti àwọn ọdún 1970 ni àwọn ọmọ àti ọmọ-ọmọ wọn ti ń padà. Àwa tí a ń bọ Òrìṣà mọ ìrìn yìí dáadáa. Harlem ni Ọba Oseijeman Adefunmi dá Yoruba Temple sílẹ̀ sí ní 1960. Nígbà tó di 1970, South Carolina ni ó tẹ Ọ̀yọ́túnjí dó sí. A máa ń sọ ìtàn yẹn bí ẹni pé wọ́n kàn dìde ní Harlem, tí wọ́n sì bá ara wọn nínú igbó Carolina. Ṣùgbọ́n ó dájú pé ẹnìkan ló di ìkòkò, ẹnìkan ló ka páálí, ẹnìkan ló ronú ohun tí àwọn ọmọdé máa jẹ lójú ọ̀nà. Iṣẹ́ ẹni yẹn ni mo wá sọ.

Nígbà tí mo kó, èmi àti ìyá mi ni, ẹni ọdún 78 nígbà náà, pẹ̀lú àwọn ọmọ mi méjì. Mo pe ilé-iṣẹ́ akẹ́rù kan lórí fóònù. Ẹni tó dá mi lóhùn bi mí pé yàrá mélòó ni, mo ní mẹ́ta, ó ní $2,400. Kò wá wo ẹrù. Kò béèrè pé àtẹ̀gùn mélòó ni wọ́n máa sọ̀. Inú mi dùn, torí pé iye tí àwọn tó kù ń pè ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ní ọjọ́ tí wọ́n wá, ọkọ̀ tí wọ́n gbé wá kò ní orúkọ ilé-iṣẹ́ kankan lára. Wọ́n ti kó ìdajì ẹrù wọnú ọkọ̀ kí wọ́n tó gbé ìwé fún mi pé kí n fọwọ́ sí i. Ibì kan wà nínú ìwé yẹn tó ṣófo. Mo fọwọ́ sí i. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Nọ́ọ̀sì ni mí, mo máa ń ka ìwé aláìsàn lẹ́ẹ̀mejì kí n tó fún un lábẹ́rẹ́, síbẹ̀ mo fọwọ́ sí ìwé tó ṣófo, torí pé ó ti rẹ̀ mí, òjò sì ti ń ṣú.

Bí wọ́n ti ti ilẹ̀kùn ọkọ̀ tán, owó di $4,900. N kò ní in. Wọ́n wa ọkọ̀ lọ. Ọjọ́ 19 ni a fi wà ní Georgia láìní ṣíbí. Orí ilẹ̀ ni ìyá mi sùn fún ọjọ́ mẹ́ta kí aládùúgbò kan tó yá wa ní bẹ́ẹ̀dì. Kò bá mi wí. Ní alẹ́ ọjọ́ kan ṣá ni ó béèrè pé, "Ọmọ mi, ṣé àwòrán bàbá rẹ wà nínú ọkọ̀ yẹn?" Ó wà níbẹ̀, òun nìkan ló sì kù tí a ní.

Mo yá owó, mo san. Nígbà tí ẹrù dé, ẹ̀rọ ìránṣọ ìyá mi ti fọ́. Mo béèrè owó rẹ̀. Wọ́n ní ìwọ̀n rẹ̀ jẹ́ pọ́ùn 30, wọ́n sì fi $18 ránṣẹ́ sí mi. Mo rò pé wọ́n ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ ni, àṣé bí ìwé tí mo fọwọ́ sí ti sọ nìyẹn: 60 sẹ́ǹtì fún pọ́ùn kọ̀ọ̀kan, ohun yòówù kí ó jẹ́. Àwòrán bàbá mi dé. Dígí rẹ̀ nìkan ló fọ́.

Ohun tí n kò mọ̀ nígbà náà ni pé òfin wà. Ìjọba àpapọ̀ ló ń darí ẹni tó bá ń kó ẹrù ilé láti ìpínlẹ̀ kan sí òmíràn, àjọ tó wà fún un ni FMCSA. Ilé-iṣẹ́ tó bá lẹ́tọ̀ọ́ láti ṣe iṣẹ́ yìí ní nọ́ńbà tí wọ́n ń pè ní USDOT. Ẹ gba nọ́ńbà yẹn kí ẹ tó dúnàádúrà rárá, kí ẹ sì fi wá a lọ́dọ̀ àjọ náà lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹ ó rí i bóyá ó ní àṣẹ, ẹ ó sì rí ẹjọ́ tí àwọn ènìyàn ti fi sùn. Ẹ bi í léèrè pé ṣé òun gan-an ló ni ọkọ̀, àbí alárinà ni. Alárinà kì í kó ẹrù. Ẹlòmíràn tí ẹ kò mọ̀ rí ni ó máa gbé iṣẹ́ yín fún. Mo gbà báyìí pé alárinà ni mo bá sọ̀rọ̀ lórí fóònù lọ́jọ́ yẹn.

Lẹ́yìn náà, kí wọ́n wo ẹrù yín, yálà kí wọ́n wá sílé tàbí kí wọ́n wò ó lórí fídíò, kí wọ́n sì kọ iye owó sílẹ̀. Oríṣi ìwé iye owó méjì ló wà. Ọ̀kan kì í yí padà: iye tó wà níbẹ̀ ni ẹ ó san. Èkejì jẹ́ ìfojúdíwọ̀n, ó lè lọ sókè nígbà tí wọ́n bá wọn ẹrù. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí ẹrù bá dé, wọn kò gbọdọ̀ béèrè ju iye yẹn pẹ̀lú ìdá mẹ́wàá rẹ̀ lọ kí wọ́n tó já ẹrù. Bí ìwé bá sọ $3,000, ẹ san $3,300, kí wọ́n já ẹrù yín sílẹ̀. Bí nǹkan bá ṣẹ́kù, ó kéré tán ọjọ́ 30 ni wọ́n gbọ́dọ̀ fún yín láti san án. Àmọ́ bí ẹ bá gbé fìríìjì tí ẹ kò fi hàn wọ́n tẹ́lẹ̀ jáde lọ́jọ́ ìkẹ́rù, ìwé ìṣáájú kò ní gbèjà yín mọ́, torí wọ́n lè kọ ìwé tuntun. Ẹni tó bá kọ̀ láti já ẹrù lẹ́yìn tí wọ́n ti fún un ní owó tí òfin ní kí ó gbà, ìtanràn rẹ̀ ju $10,000 lọ. Èmi kò mọ̀ ọ́n, n kò fi ẹnikẹ́ni sùn.

Ní ti 60 sẹ́ǹtì yẹn, òun ni èyí tí wọn kì í gba owó lé. Èyí tó sàn ni kí wọ́n gba ẹ̀bi iye ẹrù ní kíkún. Owó wà lórí rẹ̀, ṣùgbọ́n òun ni ẹ ní ẹ̀tọ́ sí, àfi bí ẹ bá fi ọwọ́ ara yín kọ ọ́ pé ẹ kò fẹ́ ẹ. Ohun tí mo kọ sílẹ̀ kí òjò tó dé nìyẹn. Ẹni tí ẹrù rẹ̀ bá bàjẹ́ ní oṣù mẹ́sàn-án láti kọ̀wé béèrè owó.

Ohun kan wà tí mo ṣe dáadáa, kì í sì í ṣe ọgbọ́n mi. Bàbá wa àgbà, tí wọn kò sí mọ́, ni wọ́n pè mí jókòó ní ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú. Wọ́n ní, "Ohun tí o ń kúnlẹ̀ fún láràárọ̀, ṣé ọwọ́ ẹni tí o kò mọ orúkọ rẹ̀ ni o máa fi í sí?" Bí ikin, ọ̀pọ́n àti ọta ṣe wọ inú ọkọ̀ tèmi nìyẹn, tí a fi aṣọ funfun dì wọ́n. Orí itan ọmọ mi obìnrin ni ọta Ọ̀ṣun wà láti Bronx títí dé Georgia, nǹkan bíi 870 máìlì, kò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbà á lọ́wọ́ òun. Pásípọ́ọ̀tù, ìwé ìbí, green card àti oògùn ìyá mi wà pẹ̀lú wa bákan náà. Bí mo bá tún kó lónìí, àwòrán bàbá mi máa wà níbẹ̀, pẹ̀lú ìkòkò kan, ṣíbí díẹ̀ àti aṣọ ìbora.

Ẹ̀yin tí ẹ ní Èṣù lẹ́nu ọ̀nà tàbí ìkòkò ní ẹ̀yìnkùlé, ẹ fetí sí èyí. Kòkòrò kan wà tí wọ́n ń pè ní spongy moth, tó máa ń jẹ ewé igi tán. Ó wà ní New York, òfin ìjọba àpapọ̀ sì ní kí a yẹ ohunkóhun tó ti ń gbé ìta wò kí a tó gbé e lọ sí ìpínlẹ̀ tí kòkòrò náà kò tíì dé, irú Georgia. Ẹyin rẹ̀ rí bíi kànrìnkàn rúsúrúsú, ó máa ń lẹ̀ mọ́ ìdí ìkòkò àti abẹ́ àga. Ẹ ha á kúrò, kí ẹ sì rì í sínú omi ọṣẹ. Àwọn akẹ́rù kì í sì í gbé sílíńdà gáàsì, kẹrosíìnì àti bíléèṣì. Wọ́n lè gbé epo pupa, ṣùgbọ́n mo mọ ẹni tí kẹ́ẹ̀gì epo rẹ̀ jò sórí ibùsùn. Ẹ jẹ ẹ́ tán kí ẹ tó lọ.

Ẹ jẹ́ ká dé ọ̀dọ̀ onílé. Láti 2019 ni òfin New York ti ní kí onílé dá dípọ́sìtì padà láàrin ọjọ́ 14 tí ẹ bá jáde, tàbí kí ó kọ ohun tó yọ owó lé lórí lọ́kọ̀ọ̀kan. Bí ọjọ́ 14 bá kọjá tí kò kọ nǹkan, kò lẹ́tọ̀ọ́ láti mú kọ́bọ̀ nínú rẹ̀. Ẹ tún lè ní kí ó wá yẹ ilé wò láàrin ọ̀sẹ̀ kan sí méjì kí ẹ tó jáde, kí ẹ lè fúnra yín tún ohun tó bàjẹ́ ṣe. Ẹ tètè fọ ẹfun àti epo kúrò lára ògiri kí ó tó dé. Lẹ́yìn tí ilé bá ti ṣófo, ẹ ya fọ́tò yàrá kọ̀ọ̀kan.

Ní Georgia, kí ẹ tó fọwọ́ sí àdéhùn ilé, ẹ béèrè bóyá àdúgbò náà ní ẹgbẹ́ onílé. Ọ̀pọ̀ wọn ló ní òfin lórí adìyẹ, lórí ariwo ìlù, àti lórí ohun tí a lè gbé síwájú ilé. Ẹ ka ìwé òfin wọn kí ẹ tó san owó. Àwa tí a ń lu bàtá kò gbọdọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́ èyí lẹ́nu ọlọ́pàá.

Ìwé ìjọba: ẹnikẹ́ni tí kò bá tíì di ọmọ ilẹ̀ Amẹ́ríkà, títí kan ẹni tó ní green card, gbọ́dọ̀ fi àdírẹ́sì tuntun tó USCIS létí láàrin ọjọ́ 10. Ẹ má fi èyí ṣeré lásìkò tí a wà yìí. Iléeṣẹ́ ìfìwéránṣẹ́ máa ń darí lẹ́tà sí ilé tuntun fún oṣù 12 bí ẹ bá sọ fún wọn. Ọjọ́ 30 ni Georgia fún àlejò láti gba ìwé ìwakọ̀ tuntun. Iléèwé wọn máa béèrè fọ́ọ̀mù 3231 fún abẹ́rẹ́ àjẹsára àti 3300 fún ojú, etí àti eyín. Ẹ̀yin tí ẹ ní òbí tó ń lo Medicaid, kì í bá ènìyàn kọjá ìpínlẹ̀; ẹ ní láti forúkọ wọn sílẹ̀ lákọ̀tun níbẹ̀. Ẹ bẹ dókítà kí ó fún wọn ní oògùn tó máa tó wọn jẹ títí ìyẹn fi máa yanjú.

Ó ku dídì. Nílé, tí iṣẹ́ oko bá pọ̀ ju ẹnìkan lọ, a máa ń bẹ ọ̀wẹ̀, ẹni tó bẹ̀ ẹ́ á sì se oúnjẹ. Tí a bá jẹ́ mélòó kan tí iṣẹ́ wa jọra, a ń ṣe àáró, lónìí oko tèmi, lọ́la oko tìrẹ. Ìdílé mẹ́ta ni yín, àáró ni kí ẹ fi ṣe. Kí ẹnìkan máa kọ nọ́ńbà sára páálí, kí ẹlòmíràn máa kọ ohun tó wà nínú rẹ̀ sínú ìwé. Lọ́jọ́ tí ọkọ̀ bá dé, kí ẹnìkan tí kò rẹ̀ dúró ti ẹni tó máa fọwọ́ sí ìwé, kí ó bá a kà á. Iṣẹ́ ẹni yẹn kọ́ ni láti gbé nǹkan kan.

Sátidé tó ń bọ̀ ni a ó bẹ̀rẹ̀, nílé ìyá wa tó ń gbé ní àjà kẹrin, tí kò sí ẹ̀rọ agbéniròkè níbẹ̀. Kí ẹ̀yin ọ̀dọ́ ti débẹ̀ ní aago mẹ́jọ àárọ̀. Ẹ mú téèpù àti páálí dání, kí ẹni tó bá ní báàgì Ghana Must Go kó o wá. Èmi ò ní sí níbẹ̀ nítorí iṣẹ́, ṣùgbọ́n mo ti fi owó mọ́ínmọ́ín sílẹ̀.