Ọkọ̀ Tuntun àti Ọkọ̀ Àtijọ́ Lọ́wọ́ Òṣìṣẹ́

(Ọ̀rọ̀ tí aṣojú òṣìṣẹ́ kan sọ ní ìpàdé ẹ̀ka wa ní Apápá)

 

Alága ní kí a sọ̀rọ̀ lórí ọkọ̀. Ẹ̀yin náà mọ ìdí rẹ̀. Ní ìpàdé tí ó kọjá, ìwé ẹ̀yáwó mẹ́sàn-án ni ó wá síwájú ẹgbẹ́ àjẹsẹ́kù wa, mẹ́fà nínú rẹ̀ ni ó sì jẹ́ ti ọkọ̀. Àwọn kan dìde, wọ́n ní kí a má yá ẹnikẹ́ni lówó ọkọ̀ mọ́. Àwọn mìíràn ní ẹni tí ó bá fẹ́ ra ọkọ̀, tuntun ni kí ó rà, kí ó má fi owó ra wàhálà ẹlòmíràn. Ariwo pọ̀ lọ́jọ́ náà, a kò sì rí ọ̀rọ̀ náà yanjú. Àwa kò sí lẹ́yìn apá kankan nínú méjèèjì. A ti ní ọkọ̀ àtijọ́, a ti ní tòkunbọ̀, a sì ti ní tuntun láàárín ara wa. Ohun tí ojú wa rí ni a fẹ́ sọ.

Apápá yìí ni ọ̀pọ̀ ọkọ̀ gbà ń wọ Nàìjíríà. Níbí àti ní Tin Can Island, èbúté tí wọ́n ṣí l'ọ́dún 1977, ọwọ́ òṣìṣẹ́ ni ó ń sọ̀ wọ́n kalẹ̀ láti inú ọkọ̀ ojú omi. Ẹni tí ó fi gbogbo ọ̀sán wa ọkọ̀ olówó iyebíye jáde sí orí ilẹ̀ èbúté, bí ilẹ̀ bá ṣú, ẹsẹ̀ ni ó fi ń gba Malu Road lọ sí Ajégúnlẹ̀. A kò sọ èyí láti fi ṣe ẹ̀dùn ọkàn. Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé òṣìṣẹ́ kò mọ ọkọ̀.

Ẹ̀yin àgbà mọ ìtàn yìí jù wá lọ, ṣùgbọ́n àwọn ọmọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ wọṣẹ́ kò mọ̀ ọ́n. Ní ọjọ́ kejì oṣù kẹrin ọdún 1972 ni Nàìjíríà kúrò ní ọwọ́ òsì títì, tí gbogbo wa bọ́ sí ọwọ́ ọ̀tún. Ọkọ̀ àtijọ́ tí sítíà rẹ̀ wà ní apá ọ̀tún, bí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ṣe kó o wá, ojú ọ̀nà kò gba tirẹ̀ mọ́. L'ọ́dún 1975, Volkswagen bẹ̀rẹ̀ sí to ọkọ̀ pọ̀ ní Ọ̀jọ́, kò jìnnà sí wa níbí, Peugeot sì bẹ̀rẹ̀ tirẹ̀ ní Kàdúná. Ọdún yẹn kan náà ni òṣìṣẹ́ ìjọba gba owó Udoji, tí àwọn òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ aládàáni sì daṣẹ́ sílẹ̀ kí wọ́n tó rí tiwọn gbà. Ìyanṣẹ́lódì ni ó mú owó yẹn wá o, kò jábọ́ láti ọ̀run. Ìgbà náà ni akọ̀wé àti fóómáànù lè ra Ìjàpá tuntun, kí wọ́n sì máa yọ owó rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ nínú owó oṣù. Ìjàpá, ẹ́ńjìnnì rẹ̀ wà lẹ́yìn, atẹ́gùn ni ó fi ń tutù, kò ní radiétọ̀ tí yóò hó. Ọkọ̀ tí òṣìṣẹ́ lè bọ́ ni.

Nígbà tí ó di ọdún 1986 tí ìjọba gbé ètò SAP dé, tí iye náírà já wálẹ̀, ọkọ̀ tuntun bọ́ lọ́wọ́ òṣìṣẹ́. Kì í ṣe pé òṣìṣẹ́ di ọ̀lẹ. Iṣẹ́ kan náà ni ó ń ṣe, ọkọ̀ ni ó ti gun òkè àjà. Ibẹ̀ ni tòkunbọ̀ ti ráyè, èyí tí ó gba èbúté wa wọlé àti èyí tí ó gba Kútọnu àti Sẹ̀mẹ̀ wá. Ẹ wo orúkọ tí a fún un: orúkọ tí Yorùbá ń sọ ọmọ tí wọ́n bí sí òkè òkun, tí wọ́n gbé bọ̀ wálé. A fi orúkọ ọmọ pè é, a kò sì béèrè ohun tí ojú rẹ̀ ti rí lọ́hùn-ún.

Ó wá kan tiwa. L'ọ́dún 2006, àwa mẹ́rin tí a jọ ń gbé Ajégúnlẹ̀ dá owó jọ, a ra Peugeot 504 kan tí ó ti gbó lọ́wọ́ ọ̀gá kan tí ó ń fẹ̀yìntì. À ń bá a lọ síbi iṣẹ́, à ń bá a bọ̀. Ẹni tí ìnáwó bá kàn yóò gbé e lọ sí ìlú rẹ̀ ní òpin ọ̀sẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni a fi gbé aboyún lọ sí ọsibítù lóru, nígbà tí kò sí danfo kankan lójú ọ̀nà. Nítorí náà, ẹni tí ó bá ní fáàrí lásán ni ọkọ̀ jẹ́ fún òṣìṣẹ́, kí ó lọ bi àwọn ìyá ọmọ mẹ́ta wọ̀nyẹn léèrè.

A ní ìwé kan, ìwé ọmọ iléèwé lásán, inú rẹ̀ ni a ń kọ gbogbo ìnáwó sí. Epo ní ojú ìwé tirẹ̀, táyà ní tirẹ̀, kílọ́ọ̀ṣì ní tirẹ̀. Ojú ìwé kan wà tí a kò kọ orúkọ kankan sí lókè rẹ̀. Ẹ̀yin awakọ̀ mọ ohun tí a ń kọ síbẹ̀. Nígbà tí ọdún kejì yóò fi parí, àròpọ̀ inú ìwé náà ti ju owó tí a fi ra ọkọ̀ lọ. Ṣùgbọ́n owó náà kò dé lẹ́ẹ̀kan náà rí. Ní kékèèké ni ó ń dé, àwa mẹ́rin ni a sì ń pín in. Kò sí ẹlẹ́rọ kan láti Boundary títí dé Tolu tí kò lè tú ọkọ̀ náà palẹ̀ kí ó sì tò ó padà. Ohun tí ó ń gbà lọ́wọ́ wa ju owó lọ ni ọjọ́ Sátidé. Ọkàn nínú wa gbọ́dọ̀ jókòó ti ẹlẹ́rọ láti àárọ̀ títí ilẹ̀ yóò fi ṣú, nítorí bí o bá dìde lọ jẹun, ẹ̀yà ara ọkọ̀ rẹ lè bá ọkọ̀ ẹlòmíràn lọ.

Ohun tí ó bà á jẹ́ jù kì í ṣe ogbó rẹ̀, ojú ọ̀nà Apápá ni. Ẹ̀yin náà rántí àwọn ọdún tí tírélà àti táńkà tò láti èbúté títí kọjá Mile 2, kí wọ́n tó gbé ètò ìpè orí ẹ̀rọ tí wọ́n ń pè ní Ẹ̀tò dé l'ọ́dún 2021. Ọkọ̀ tí ó fi wákàtí mẹ́ta wà ní jíà kìn-ín-ní, kílọ́ọ̀ṣì wo ni kò ní jóná? L'ọ́dún 2015 a ta á, a pín owó rẹ̀, a kò sì jà. Ìwé ọmọ iléèwé yẹn ni kò jẹ́ kí a jà.

Ọ̀kan nínú àwa mẹ́rin ti kúrò ṣáájú, ó ní òun fẹ́ dá ọkọ̀ òun ní. Ó yá owó lọ́dọ̀ àjẹsẹ́kù fún oṣù 24, àwọn méjì sì ṣe onígbọ̀wọ́ fún un. Tòkunbọ̀ kékeré kan ni ó rà, ọ̀dà rẹ̀ ń dán bí ojú omi, ìjókòó rẹ̀ mọ́, ó ń rùn bí òdòdó. Oṣù kẹta ni iná rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí ṣe ségesège. Ẹni tí ń tún wáyà ọkọ̀ ṣe ká kápẹ́ẹ̀tì rẹ̀ sókè, ó bá yanrìn lábẹ́ rẹ̀, gbogbo orí wáyà sì ti dípẹtà. Omi ti wọ inú ọkọ̀ náà ní ìlú tí ó ti wá. Oṣù márùn-ún ni ó rìn. Oṣù 19 tí ó kù, orí ilẹ̀ ni ọkọ̀ wà, gbèsè ni ó ń rìn. Nígbà tí apá rẹ̀ kò ká a mọ́, ẹgbẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí yọ owó àwọn onígbọ̀wọ́. Àwọn méjèèjì wà nínú ìpàdé yìí. Ọmọ ọ̀kan nínú wọn fi sáà kan jókòó sílé nítorí owó iléèwé. Nígbà tí a bá ń jiyàn pé kí a máa yáni lówó ọkọ̀ tàbí kí a má yáni, ọmọ yẹn ni kí a máa rántí.

Ẹnì kejì nínú wa ra tuntun, tuntun tí wọn kò tíì yọ ọ̀rá lórí ìjókòó rẹ̀. Ilé-iṣẹ́ tí ó ń bá ṣiṣẹ́ nígbà náà ni ó dúró fún un, wọn yóò máa yọ owó fún oṣù 48. Ká sọ òótọ́, ọkọ̀ náà kò dá a dúró lọ́nà lọ́jọ́ kan. Ṣùgbọ́n ìwé àdéhùn tí ó bá a wá ní ẹlẹ́rọ ojú títì kò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kàn án, àyàfi àwọn tí ó tà á. Bí wọ́n bá sì pa ọ́ìlì rẹ̀ dà, iye tí wọ́n ń gbà lè bọ́ 504 wa fún oṣù kan. Kò sí ibi tí yóò gbé e sí nínú ọgbà ilé oníyàrá mẹ́wàá ní Ajégúnlẹ̀, nítorí náà ilé epo ni ó ń gbé e sùn, ó ń sanwó fún ọdẹ. Bí òjò bá ṣú, kì í lè sùn, nítorí àgbàrá. Gbogbo èyí, ó fara dà á. Ní oṣù 31, ilé-iṣẹ́ náà dá òṣìṣẹ́ púpọ̀ dúró, òun náà wà nínú wọn. Wọ́n yọ owó oṣù 17 tí ó kù lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo nínú owó ìfẹ̀yìntì rẹ̀. Ó mú ọkọ̀ tuntun lọ sílé, kò sì rí owó epo rà sínú rẹ̀.

Ohun tí àwa rí kọ́ nìyẹn. Ọkọ̀ àtijọ́, ọjọ́ Sátidé ni ó ń jẹ. Ọkọ̀ tuntun, owó oṣù ni ó ń jẹ, ó sì lè jẹ owó ìfẹ̀yìntì. Tòkunbọ̀ tí a kò wò dáadáa, onígbọ̀wọ́ ni ó ń jẹ. Iye tí wọ́n kọ sí ara gíláàsì ọkọ̀ kì í ṣe iye rẹ̀. Iye tí yóò máa gbà lóṣooṣù ni kí a bi ara wa.

Ẹ jẹ́ kí a sọ díẹ̀ lórí bí a ṣe ń wo tòkunbọ̀, nítorí òun ni púpọ̀ nínú wa yóò rà. Àárọ̀ ni kí ẹ lọ wò ó, nígbà tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ tutù, kí ẹ má jẹ́ kí òǹtàjà ti tan án sílẹ̀ dè yín. Ẹ yọ ọ̀pá ọ́ìlì: bí ó bá funfun bíi wàrà, omi ti dà pọ̀ mọ́ ọ́ìlì, ẹ máa bá ọ̀nà yín lọ. Ẹ ká kápẹ́ẹ̀tì, ẹ wo irin abẹ́ ìjókòó bóyá ó ti dípẹtà. Bí òórùn lọ́fínńdà inú ọkọ̀ bá pọ̀ jù, ẹ béèrè ohun tí wọ́n fi ń bò mọ́lẹ̀. Nọ́ńbà ara ọkọ̀ jẹ́ àmì 17. Lára ọkọ̀ tí wọ́n ṣe fún ọjà Amẹ́ríkà, àmì kẹwàá ni ó ń sọ ọdún rẹ̀: 5 ni 2005, 9 ni 2009, A ni 2010, B ni 2011, bẹ́ẹ̀ ni ó ń lọ. Òǹtàjà lè purọ́, àmì yẹn kì í sábà purọ́. Táyà náà ní ọjọ́ orí tirẹ̀: ẹ wá nọ́ńbà mẹ́rin lára rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ 2319, ọ̀sẹ̀ kẹtàlélógún ọdún 2019 ni wọ́n ṣe é. Táyà lè nípọn kí ó sì ti gbó, òun sì ni ó ń bẹ́ lórí eré. Ìwé owó aṣọ́bodè sì ńkọ́? Àwa tí a ń ṣiṣẹ́ ní èbúté kò gbọdọ̀ jẹ́ ẹni tí wọ́n máa gba ọkọ̀ fàyàwọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ lójú ọ̀nà.

Epo ńkọ́? Kí oṣù karùn-ún ọdún 2023 tó parí, lítà bẹntiróòlù kan kò tó 200 náírà. Nígbà tí wọ́n yọ owó ìrànwọ́, ó fò súnmọ́ 500, kí ọdún 2024 sì tó parí ó ti kọjá 900. Ní oṣù keje ọdún 2024 ni owó oṣù tí ó kéré jù di 70,000 náírà. Ẹ pín in fún ara yín: lítà 77 ni gbogbo rẹ̀ lè rà ní 900 náírà, ìyẹn ni pé kí ẹni náà má jẹun, kí ó má san owó ilé, kí ó kàn máa mu epo. Kò lè kún táńkì ọkọ̀ kékeré lẹ́ẹ̀mejì. Nítorí èyí, àwa ṣì rò pé kí ènìyàn mẹ́rin ní ọkọ̀ kan dára ju kí ẹnì kọ̀ọ̀kan máa jó epo tirẹ̀ lọ, bí wọ́n bá ti lè ní ìwé tí wọ́n ń kọ ọ́ sí.

Ohun tí a mú wá síwájú ìpàdé nìyí. Kí àjẹsẹ́kù má dẹ́kun yíyá owó ọkọ̀, ṣùgbọ́n kí ó má fi gbogbo owó lé ènìyàn lọ́wọ́. Kí ìdá kan nínú márùn-ún dúró lọ́dọ̀ ẹgbẹ́ fún àtúnṣe. Kí ẹlẹ́rọ méjì nínú àwọn ọmọ ẹgbẹ́ wa bá ẹni tí ń rà lọ wo ọkọ̀ kí owó tó jáde, kí a sì san owó ọkọ̀ wọn. Èyí tí ó wúwo jù, àwọn olóyè ni yóò gbé e: nínú àdéhùn tí à ń bá àwọn agbanisíṣẹ́ ṣe, kí a kọ ọ́ sílẹ̀ pé bí ilé-iṣẹ́ bá dá ẹni tí ó yá owó ọkọ̀ dúró, wọn kò gbọdọ̀ gba gbogbo ìyókù lẹ́ẹ̀kan nínú owó ìfẹ̀yìntì rẹ̀. Àwọn agbanisíṣẹ́ kò ní fẹ́ gbọ́ ọ. Wọn kò fẹ́ gbọ́ ti owó Udoji náà.

Ìwé ìmọ̀ràn yìí wà lọ́wọ́ akọ̀wé ẹ̀ka. Ẹni tí ó bá ní ohun tí yóò fi kún un tàbí tí yóò yọ kúrò nínú rẹ̀, kí ó kọ ọ́ kí ó sì fún akọ̀wé kí ìpàdé tí ń bọ̀ tó dé, nítorí ọjọ́ náà ni a óò dìbò lé e lórí.