ÒKÚTA INÚ TÍṢÙ

Ẹ má yí ìkànnì yín padà o, torí ọ̀rọ̀ yìí kan owó tẹ́ ẹ tọ́jú pamọ́.

Ẹnì kan lè wá bá yín ní páàkì Ajah. Á yọ tíṣù lápò, á tú u, á ní, "Mọ́mì, dáyámọ́ǹdì Sàró rèé, wọn ò tíì gé e. Ẹ ta ilẹ̀ yín, ẹ rà á lọ́wọ́ mi, ẹ máa jèrè ìlọ́po mẹ́wàá." Ṣé ẹ ò gbọ́ irú ẹ̀ rí? (Ìjọ: A ti gbọ́!)

Irọ́ kọ́ o, dáyámọ́ǹdì wà ní Sàró, ìyẹn Sierra Leone. Ọdún 1930 ni wọ́n ti rí i níbẹ̀, lágbègbè Kono. Nísàlẹ̀ ilẹ̀ tó jìn ju 150 kìlómítà lọ ni ooru àti ìfúnpọ̀ ti sọ kábọ́ọ̀nù, ìbátan èédú, di òkúta yẹn. Iná abẹ́ ilẹ̀ gbé e sókè láyé ọjọ́un, odò wá gbá a káàkiri. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń wà á létí odò. Wọ́n á fi ṣọ́bìrì kó yẹ̀pẹ̀ kúrò títí wọ́n á fi kan òkúta wẹ́wẹ́, wọ́n á bù ú sínú asẹ́, wọ́n á máa fọ̀ ọ́ nínú omi. Oòrùn ń pa wọ́n, ẹ̀yìn ń ro wọ́n. Oúnjẹ àti owó díẹ̀ ni ọ̀pọ̀ wọn ń rí gbà títí òkúta á fi jáde. Ẹlòmíì á ṣe é lọ́dún gbáko, kò ní rí èyí tó tó èékánná.

Ní March 2017, àwọn tó ń wa ilẹ̀ fún pásítọ̀ kan ní Kono, Emmanuel Momoh, rí ọ̀kan tó jẹ́ 709 kárátì. Kárátì márùn-ún ni gíráàmù kan; ẹ ṣírò ẹ̀, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó gíráàmù 142! Tíṣù kan gbà á. Àmọ́ ìjọba ló gbé e fún. (Àtẹ́wọ́.) Ẹ dúró ná, ẹ má tíì pàtẹ́wọ́. Ní December 2017, wọ́n tà á ní New York ní mílíọ̀nù 6.5 dọ́là, wọ́n sì ní ó lé ní ìdajì tó máa lọ sí omi, iná, ọ̀nà àti ilé ìwé. Ilẹ̀ yìí kan náà ni wọ́n ti fi dáyámọ́ǹdì ra ìbọn nígbà ogun 1991 sí 2002. Ẹ wá lè pàtẹ́wọ́ báyìí.

Tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde, kì í sábàá tàn. Ó dà bí álọ́ọ̀mù, tàbí àfọ́kù ìgò tí odò ti bó lára. Ẹni tó bá gbé èyí tó ń kọ mànà wá, tó ní wọn ò tíì gé e, ẹ bi í pé ta ló wá dán an?

Gígé ẹ̀ kì í ṣe iṣẹ́ kánjúkánjú. Cullinan, tí wọ́n rí ní South Africa lọ́dún 1905, jẹ́ 3,106 kárátì. Joseph Asscher ló là á ní Amsterdam lọ́dún 1908. Òkúta ńlá mẹ́sàn-án àti kéékèèké 96 ló jáde. Ẹ gbọ́ o: àwọn ńlá mẹ́sàn-án náà pa pọ̀ ò ju nǹkan bí 1,055 kárátì lọ! Èyí tó pọ̀ jù ti lọ sínú gígé. Lónìí, kọ̀ǹpútà ló ń yẹ inú ẹ̀ wò, laser ló sábà ń là á, ìlú Surat ní Íńdíà sì ni wọ́n ti ń gé èyí tó pọ̀ jù láyé.

Ti dídán ńkọ́? Àwo irin tó ń yí bìrìbìrì ni, wọ́n á fi òróró àti lẹ́búlẹ́bú dáyámọ́ǹdì pa á lára. Dáyámọ́ǹdì ni wọ́n fi ń dán dáyámọ́ǹdì, torí kò sí òkúta mìíràn tó le tó o. Ó ní apá tó gbà kí wọ́n dán òun, ó ní èyí tí kò gbà rárá. Oníṣẹ́ gbọ́dọ̀ mọ̀ ọ́n. Ojú 57 tàbí 58 ni wọ́n sábà máa ń gé sí i lára, kí ìmọ́lẹ̀ lè wọlé, kó tún padà jáde.

Ó le o, àmọ́ ó ń fọ́. Ẹ má gbà kí ẹnikẹ́ni fi òòlù dán an wò lójú yín.

Láti 2003 ni ètò Kimberley ti bẹ̀rẹ̀. Èyí tí wọn ò tíì gé, tó bá máa kúrò ní Sàró, ó gbọ́dọ̀ ní ìwé ẹ̀rí ìjọba, kó sì wà nínú àpótí tí wọ́n lẹ̀ pa. Kì í ṣe tíṣù! Nítorí náà, Mọ́mì, ẹ bi í pé, "Ìwé dà?" Tí ò bá ní, ẹ wọ bọ́ọ̀sì yín. Tó bá sì ní pásítọ̀ yín ló rán òun, ẹ tètè pè mí. (Ẹ̀rín.)